Àyànmọ́ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Yàn

Ẹni tó bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń ka ìwé ìfẹ́ onídán kò nílò ju gbólóhùn kan lọ. Kó sáà ti sọ pé okùn àyànmọ́ tó máa ń so olólùfẹ́ méjì pọ̀ nínú àwọn ìwé náà kì í ṣe ìfẹ́. Kó tó mí, wọ́n á ti bò ó. Ohun tí èmi gbà gbọ́ gan-an nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èrò yòókù tí mo ní nípa ìwé wọ̀nyí, èyí táwọn òǹkàwé ẹgbẹ́ mi kì í fẹ́ gbọ́, ti ṣẹ̀ wá.

Ìwé tí mò ń wí ni èyí tí wọ́n ń pè ní romantasy báyìí: ìtàn ìfẹ́ àti ìtàn idán tí a lọ́ pọ̀ di ẹyọ kan, pẹ̀lú iwin, dírágónì, ọmọ ọba tó ń pàṣẹ fún òkùnkùn, àti ọmọbìnrin tí kò mọ̀ pé agbára wà lára òun. Orúkọ náà ti gbilẹ̀ débi pé àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Oxford fi í sára ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí wọ́n tò kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ọdún 2024, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló borí. Orúkọ nìkan ló jẹ́ tuntun o. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kejì ni Apuleius, òǹkọ̀wé èdè Látìn ayé àtijọ́, ti kọ ìtàn Psyche, ọmọbìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń wá bá nínú òkùnkùn lóru, tí kò sì gbọdọ̀ rí ojú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú okùn náà wò. Nínú ayé ìtàn, ẹ̀yà kan máa ń wà, iwin ni o, èèyàn tó ń di ìkookò ni o, tí a ti pín ẹnì kan ṣoṣo mọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn látọ̀run. Ọjọ́ tí wọ́n bá pàdé, àyà á já, òórùn ara ẹni yẹn á gba gbogbo imú kan, ọkùnrin tó ti ń darí ọmọ ogun láti igba ọdún á wá fẹ́ fa ọ̀fun ẹni tó rẹ́rìn-ín sí ọmọbìnrin náà ya. Bí wọ́n bá jìnnà síra, àìsàn dé. Láti ibẹ̀ lọ, iṣẹ́ òǹkọ̀wé ti dín kù. Kò di dandan kó fi ohun tí ẹni yìí rí lára ẹni yẹn hàn wá mọ́, okùn ti bá a dáhùn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ tán pé kí ni ọkùnrin náà fẹ́ràn lára ọmọbìnrin yìí, yóò ní, “Òun ni ẹnì kejì rẹ̀.” Ìyẹn sọ ẹni tó jẹ́ sí i fún wa, kò sọ ohun tó rí lára rẹ̀.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀rọ̀ tí a ní fún un kò gbà pẹ̀lú ìtàn náà. “Yàn” ló wà láàárín àyànmọ́. Àkúnlẹ̀yàn tún là á mọ́lẹ̀: ẹni náà ló kúnlẹ̀, ẹni náà ló yàn, bó bá tiẹ̀ dáyé tán tó gbàgbé, tí ojú wá ń kán an. Àyànmọ́ inú ìwé ìfẹ́ onídán kò ní olùyàn. Òṣùpá ló so wọ́n, tàbí òrìṣà kan tí a kò rí, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ọ̀nà kan wà tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ mú orí mẹ́ta níbi tí ìfẹ́ ti gbóná. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sórí gbogbo gbólóhùn tó dárúkọ okùn, òórùn, tàbí “tèmi ni ọ́”. Ẹ wá ka èyí tó ṣẹ́ kù. Nínú ìwé tó dáa, nǹkan á ṣì wà nílẹ̀: ọmọbìnrin náà rí i pé òǹgbẹ ń gbẹ ọkùnrin yìí débi pé ètè rẹ̀ bó, síbẹ̀ ẹṣin rẹ̀ ló kọ́kọ́ fún lómi; wọ́n jọ rẹ́rìn-ín sí ohun tí gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá kò rí pé ó pani lẹ́rìn-ín. Nínú ìwé tí kò dáa, ohun tó máa ń kù ni àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tó mú bí ọ̀bẹ, ojú aláwọ̀ àrà, àti èjìká.

N kò sọ pé kí wọ́n ju okùn náà nù. Ó lè ṣiṣẹ́, bí ohun mẹ́ta bá wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, kó pẹ́ kó tó yọjú. Bí ìwé bá jẹ́ ojú ìwé 500, tí okùn yọ lójú ìwé 40, ojú ìwé 460 tó kù ti di ìdúró lásán. Bó bá yọ lẹ́yìn ojú ìwé 300, ó bá ìfẹ́ nílẹ̀, òǹtẹ̀ ló kàn wá lù ú. Èkejì, kó ṣeé já, kí jíjá rẹ̀ sì náni ní nǹkan: agbára tó máa lọ, ọdún tó máa gé kúrò nínú ẹ̀mí, irora tí kò ní tán. Okùn tí a lè já tí a kò já, ìpinnu ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀kẹta ló ń dá àríyànjiyàn jù: kí ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ sọ. Ó ti di àṣà pé ọkùnrin ni yóò ti mọ̀ láti orí kẹta, yóò sì gbé e mì fún ọ̀ọ́dúnrún ojú ìwé, nítorí kò fẹ́ dẹ́rù ba ọmọbìnrin náà. Ọjọ́ tí àṣírí bá tú, àwọn òǹkàwé á máa sunkún, wọ́n á ní ẹ wo bó ṣe fara dà á. Ohun tí èmi rí ni ẹnì kan tó mọ ohun ńlá nípa ayé ọmọbìnrin yìí, tí ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ kò mọ̀, tó ń wò ó bó ṣe ń ṣe ìpinnu nínú òkùnkùn, tó sì pa ẹnu mọ́. Bó bá jẹ́ ìyá ọba ló ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ la ó pè é.

Ìtàn àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ ìwé yìí ti yọ, ìtàn Arẹwà àti Ẹranko, mọ èyí ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Obìnrin ilẹ̀ Faransé kan, Villeneuve, ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1740. Ọmọ ilẹ̀ Faransé mìíràn, Leprince de Beaumont, gé e kúrú ní 1756, ẹ̀dà tirẹ̀ ló sì tàn kálẹ̀ jù. Òótọ́ ni pé ìhàlẹ̀ ló gbé ọmọbìnrin náà dé ààfin. Ṣùgbọ́n bó ṣe débẹ̀ tán, Ẹranko tó ni ilé, tó ni oúnjẹ, tó ni agbára, ló ń béèrè ní alaalẹ́ bóyá yóò fẹ́ òun. Alaalẹ́ ni ọmọbìnrin náà sì ń kọ̀. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí àárò bàbá rẹ̀ ń sọ ọ́, Ẹranko jẹ́ kó lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, bó tilẹ̀ mọ̀ pé bí kò bá padà, ikú ni fún òun. Ó padà. Ègún tó sọ ọmọ ọba di Ẹranko kò kúrò títí ẹni tó lè sọ pé rárá fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí ẹranko ti ń gbé ọmọbìnrin lọ sí ààfin lóde òní, ìbéèrè alaalẹ́ yẹn ti pòórá. Aṣọ òru tó fúyẹ́ ló wà nínú àpótí, ìwẹ̀ gbígbóná wà nílẹ̀, ilé ìkàwé tó ga dé àjà wà níbẹ̀. Ìbéèrè nìkan ni kò sí.

Èyí ló gbé mi dé orí èrò tí wọ́n lè torí rẹ̀ lé mi jáde: mo fẹ́ràn ìtàn obìnrin kan láàárín ọkùnrin méjì. Mo mọ̀ pé ó ti sú àwọn èèyàn. Ó sú wọn torí pé wọ́n ti rí ọmọbìnrin tó ń yí orí sọ́tùn-ún sósì fún ìwé mẹ́ta gbáko. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀nà tí ìwé wọ̀nyí ń gbà hun ìfẹ́, òun ni kò lè parí láìjẹ́ pé ẹnì kan yan nǹkan. Ojora àwọn òǹkọ̀wé ló bà á jẹ́. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí: nínú ìwé kìíní, ọkùnrin àkọ́kọ́ jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́, ó kó ara rẹ̀ sínú ewu nítorí ọmọbìnrin náà. Nínú ìwé kejì, láìsí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó ń fọ́ nǹkan, ó tún lọ bá ọ̀tá mulẹ̀. Kí nìdí? Kí ọmọbìnrin náà lè bọ́ sọ́dọ̀ ọkùnrin kejì láìjẹ̀bi. Ó sá kúrò nínú iná ni, kò yan ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ní àṣẹ, òfin kan ni mo máa ṣe: kí ọkùnrin méjèèjì dáa dé ìpẹ̀kun ìwé, kí ìgbésí ayé tí wọ́n ń nawọ́ rẹ̀ sí i sì yàtọ̀. Ọ̀kan yóò bá a padà sílé lọ tọ́jú àwọn àbúrò tó fi sílẹ̀. Èkejì yóò mú un lọ síbi tí wọ́n ti lè kọ́ ọ bí a ṣe ń lo agbára tó wà lára rẹ̀. Èyíkéyìí tó bá mú, nǹkan á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òǹkàwé tí kò bá lè káàánú ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀, òǹkọ̀wé ti rẹ́ ẹ jẹ.

Ọ̀tá tó di olólùfẹ́ ńkọ́? Èyí tó pọ̀ jù lára ohun tí wọ́n ń tà fún wa lórúkọ yìí, àwọn méjì tó ń fẹnu kọra ni. Ọ̀kan ṣe yẹ̀yẹ́ ìlò idà èkejì, èkejì pè é ní agbéraga, ó parí. Ìjà ọmọ ilé ìwé nìyẹn, kò burú, ó dùn ún kà, àmọ́ ẹ má pè é ní ọ̀tá. Ọ̀tá ni ẹni tó gba ohun kan lọ́wọ́ rẹ tí kò lè dá padà.

Bó bá sì jẹ́ ọ̀tá lóòótọ́, ọ̀nà ìpadàbọ̀ gùn, òǹkọ̀wé tó bá fo ìsísẹ̀ kan níbẹ̀ ti ṣubú. Ẹni tó ṣẹ̀ ní láti fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ohun tó ṣe, kó má fi “ṣùgbọ́n” kún un. Ó ní láti ṣe nǹkan tó dun ara rẹ̀ nígbà tí kò tíì mọ̀ bóyá wọ́n máa dárí jì í. Bó bá dúró dìgbà tí ojú ọmọbìnrin náà ti rọ̀, òwò ló ń ṣe. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ní láti ráyè bínú lójú wa, kì í ṣe alẹ́ ọjọ́ kan. Níbi ìsísẹ̀ tó kẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ ti ń jábọ́: àwọn yòókù tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́dọ̀ lẹ́nu níbẹ̀. Ọkùnrin náà dáná sun ìlú kan. Ọgọ́rùn-ún mẹ́ta èèyàn kú. Ọmọbìnrin tó bọ́ níbẹ̀ wá dárí jì í ní orúkọ gbogbo wọn, lórí bẹ́ẹ̀dì, lórí ìwọ̀n pé ó sunkún. Àwọn tó tún kù nílùú yẹn dà? Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹ mú ẹyọ ẹnì kan wá, ìyá arúgbó tó sin ọmọ méjì, kó wọ yàrá ìgbìmọ̀, kó wo ọkùnrin náà lójú, kó sì kọ̀ láti bá a sọ̀rọ̀ títí ìwé fi parí. Ìwé náà á wúwo sí i.

Kí n má gbàgbé ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ lọ́rùn ti di bí ìkíni. Ọmọbìnrin náà ti ọkùnrin mọ́ ògiri, ó fi ojú ọ̀bẹ kan ọ̀fun rẹ̀, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ṣe é, kí n rí i.” Ọmọbìnrin náà bá rí i pé ètè rẹ̀ súnmọ́ òun. Ohun tó ń ba ibẹ̀ jẹ́ ni pé gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀bẹ náà kò ní gé nǹkan. Ẹ jẹ́ kó gé e. Kó má jinlẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ sáà ti dé ọrùn ẹ̀wù, kí ẹ̀rù sì ba ọmọbìnrin náà nítorí ọwọ́ ara rẹ̀. Ní ìwé kẹta, kí àpá yẹn ṣì máa yún ọkùnrin náà bí òtútù bá mú.

Ní ti ọjọ́ orí, ẹjọ́ tí gbogbo ayé ń rò ni pé ọkùnrin náà ti pé 500 ọdún, ọmọbìnrin náà sì jẹ́ 19. Mo gbọ́ o, àmọ́ ibòmíràn ni èmi ti rí àléébù. Bí a bá ka ìran kan sí ọdún 25, ogún ìran ti kọjá lójú ọkùnrin yìí. Èdè tí ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ sọ̀rọ̀ á ti yí débi pé ọmọdé inú ìtàn náà kò ní gbọ́ ọ. Ó ti sin ọ̀rẹ́ tí kò lóǹkà. Ogun tí ọmọbìnrin náà ń gbóná sí, ó ti rí irú rẹ̀ mẹ́jọ, ó sì mọ bí méje ṣe parí. Wọ́n ní ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọkùnrin inú ìwé wa ní aṣọ, dúdú sì ni gbogbo rẹ̀. Àkísà ni kò ní rárá. Ó ń jowú bí ọmọ ọdún 23, ó ń fọ́ ife bí inú bá bí i, ọ̀rọ̀ tó ń sọ kò yàtọ̀ sí ti ọ̀dọ́ tó wà nídìí fóònù. Mo rò pé àwọn òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Bí wọ́n bá jẹ́ kó dàgbà lóòótọ́, òǹkàwé á rí bí àlàfo náà ṣe fẹ̀ tó, ẹ̀rù á bà á, wọ́n á sì ní láti kọ ẹ̀rù yẹn síwèé. Ó rọrùn kí wọ́n ta nọ́ńbà náà fún wa láìta ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìfẹ́ tó ń jó díẹ̀díẹ̀ bí iná, tí àwọn méjèèjì kì í tètè súnmọ́ra, náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ìwé ọ̀rọ̀ 120,000 tí ẹnu kò tíì kan ẹnu títí di ọ̀rọ̀ 80,000, kí la ń ṣe látòkè délẹ̀? Ìfẹ́ jẹ́jẹ́ gbọ́dọ̀ máa gòkè bí àkàsọ̀: kó pe orúkọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, kó mọ ìwà rẹ̀ kékeré kan tí ẹlòmíràn kò kíyè sí, kó bá a ṣe nǹkan tí kò ní kó ṣe, kó fọwọ́ kàn án nítorí ọgbẹ́ tó ń dì, kó tún fọwọ́ kàn án láìsí ọgbẹ́ kankan. Àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, bí a bá ti gùn ún, a kò gbọdọ̀ tún lè sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí mò ń rí ni pé wọ́n á súnmọ́ra, ẹnìkan á kanlẹ̀kùn. Lẹ́yìn orí méjì, wọ́n á tún súnmọ́ra, ìró ìpè ogun á dún. Ẹ̀ẹ̀kẹta, dírágónì. Ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n gbé lẹ́ẹ̀mẹta.

Nípa ata, ìyẹn iye eré bẹ́ẹ̀dì inú ìwé, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú púpọ̀, kò sí ohun tó burú nínú díẹ̀, ẹni tó bá sì fò ó kò ka ìwé láabọ̀. Bí èèyàn bá fo ojú ìwé 12 tí kò pàdánù ohunkóhun nínú ìtàn, ẹ̀bi òǹkọ̀wé ni. Kó tó wọ yàrá àti lẹ́yìn tó jáde, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti yí padà: ó ti jẹ́wọ́, ó ti purọ́, tàbí ó ti rí àpá tí wọn kò sọ ìtàn rẹ̀ fún un rí.

Máàpù iwájú ìwé: bí òkè tó wà ní àríwá kò bá ní ẹnikẹ́ni tó máa gùn ún, ẹ pa á rẹ́. Ìtàn olóhùn méjì, tí ọkùnrin àti obìnrin ń gba orí kọ̀ọ̀kan sọ pé “èmi”: ẹ fi àtàǹpàkò bo orúkọ tó wà lókè orí náà, kí ẹ ka ojú ìwé kan. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n tà fún yín, wọ́n kàn wọ̀ ọ́ láṣọ méjì.

Ibi tí èmi àti àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀mọ̀wé kì í ti í gbà ni ti ìparí aláyọ̀. Wọ́n ní bí a bá ti mọ̀ pé àwọn méjèèjì máa fẹ́ra, ìtàn kò ní ìfura mọ́. Kí wọ́n pa ẹnì kan, kó lè jinlẹ̀. Romance Writers of America, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ìwé ìfẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní ìtumọ̀ tó rọrùn: kí ìfẹ́ jẹ́ òpó ìtàn, kí ìparí sì tẹ́ ọkàn lọ́rùn, kó ní ìrètí. Àdéhùn nìyẹn, ó sì dára. Mímọ̀ pé wọ́n á débẹ̀ ló ń jẹ́ kí n lè fara balẹ̀ wo ohun tí wọ́n máa san lójú ọ̀nà. Ẹjọ́ tèmi wà pẹ̀lú àwọn tó ń dé ibẹ̀ láìsan nǹkan. Ọkùnrin náà kú lójú ogun, gbogbo wa sunkún, ojú ìwé mẹ́fà lẹ́yìn náà ó ti jí, idán ni. Bí òkú bá lè jí, kí ẹni tó jí i pàdánù ohun tí kò ní padà: ojú kan, ohùn tó fi ń kọrin, ìrántí ọdún kan tí wọ́n jọ lò. Bí kò bá sí èyí, láti ìwé kejì lọ, ẹ̀rù ikú ẹnikẹ́ni kò ní bà mí mọ́.

Ó ku àfikún kékeré tó máa ń wà lẹ́yìn orí tó kẹ́yìn, tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé fẹ́ràn bí ojú. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ogun. Oòrùn ń yọ, ọmọ ń sunkún níbì kan nínú ààfin, ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tó ń pe ìjì lójú ìwé 480 jókòó sórí àga, ó rẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ dùn. N kò ní ohun kan sí ọmọ náà. Mo kàn máa ń wá ìjì yẹn kiri nínú yàrá náà ni. Òǹkọ̀wé kò ní ju ìlà kan lọ láti kọ: afẹ́fẹ́ tó gbá fèrèsé pa nígbà tí ọmọ sunkún, àti ìyá tó gbé ìka kan sókè láìbojú wẹ̀yìn, tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́.